Ilá Tí A Kò Gbọ́dọ̀ Tọ́jú

Nínú ilé tí mo háyà ní Ìgándò, kò sí ẹni tó mọ ohun tí mò ń kọ́ ní yunifásítì dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ní iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí n fi ṣe. Ìdun ló kọ́kọ́ mú wọn wá. Bàbá tó ń gbé yàrá òdìkejì kan ilẹ̀kùn mi lọ́jọ́ Àìkú kan, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ìwé kòkòrò ni mò ń kà, ṣé kí n wá bá àwọn wo bẹ́ẹ̀dì àwọn. Mo ṣàlàyé pé kòkòrò oko ni tèmi, èyí tó ń jẹ irúgbìn, àti àrùn tó ń bá ewé jà. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ṣé ìdun kì í ṣe kòkòrò ni?" Mo lọ bá wọn wo bẹ́ẹ̀dì náà. Lẹ́yìn ìdun ni eku dé, lẹ́yìn eku ni aáyán, lẹ́yìn aáyán ni ìyá onílé fúnra wọn, tí wọ́n ní nǹkan kan ń yún àwọn láàárín ìka ọwọ́.

N kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Orúkọ tí iṣẹ́ ìwádìí mi ń jẹ́ lórí ìwé gùn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí mo bá ń kà á fún èèyàn, onítọ̀hún á ti máa wo fóònù rẹ̀ kí n tó dé ìdajì. Ní kúkúrú, mò ń wádìí bóyá omi dóńgóyárò lè gba ilá lọ́wọ́ kòkòrò kékeré dúdú kan tó máa ń fò bíi yọrọ. Kòkòrò yìí á lu ewé ilá bí ajere, bó sì ti ń jẹun láti orí ewé kan dé òmíràn ló ń gbé àrùn kiri. Ilá tí àrùn náà bá mú, ewé rẹ̀ á pọ́n níbì kan, á tutù níbòmíràn, bí orí ọmọ tí làpálàpá mú. Kò ní ga mọ́. Ìwọ̀nba tó bá so náà á wọ́ bí ìka arúgbó.

Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni tó ti gbin ilá rí, á sọ fún yín pé ilá tí a tọ́jú á so ju ilá tí a kò tọ́jú lọ. Ṣùgbọ́n yunifásítì kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kí n gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí n sì fi Gẹ̀ẹ́sì tó le sọ ohun tí òṣùwọ̀n bá wí.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, mo ti pẹ́ nílé ẹ̀kọ́ náà ju bó ti yẹ lọ. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ jẹ nínú ọdún mi, àìsàn ìyá mi jẹ níbẹ̀, àgbàrá òjò sì kó ilá tí mo kọ́kọ́ gbìn lọ sínú kánáà. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwa tí a padà wá kàwé sí i ti kìlọ̀ fún mi: bí n kò bá mú àbájáde gidi wá ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, wọn yóò yọ orúkọ mi. Gbogbo ohun tí mo ti ṣe á di eré. Oyè kejì tí mò ń wá yìí ni mo sì fẹ́ fi bọ́ kúrò nílé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ègbédá, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Oko ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún jẹ́ taya ọkọ̀ mẹ́ta tí a rọ erùpẹ̀ kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí àwọn òbí bá wá, ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ á nawọ́ sí i, á ní, "Ibùdó ìwádìí wa nìyí."

Ibùdó ìwádìí tèmi wà lábẹ́ wáyà iná ńlá, láàárín Ìgándò àti Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ìjọba kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́lé síbẹ̀, ìyẹn ni ewéko fi rí àyè hù. Ìdílé tó ti ni àdúgbò náà tipẹ́ ló ń pín in fún àwọn tó bá fẹ́ gbin ẹ̀fọ́. Bàbá àgbà wọn fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ tèmi fún mi, wọ́n ní, "Ìwọ tó ń kàwé yìí, má jẹ́ kí ìwé jẹ ilá náà tán o." Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan gba àárín ibẹ̀ kọjá, òun làwọn ará àdúgbò ń gbà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìdímù. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, èèyàn kì í dá níbẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wọ bàtà funfun. Ó dúró sí etí ọ̀nà, ó ń nawọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń darí ọkọ̀, ó ní kí n da àwọn ebè pọ̀ mọ́ra wọn: àwọn kan tí mo máa fín lómi dóńgóyárò, àwọn kan tí mo máa fín lóògùn tí wọ́n ń tà lọ́jà, àwọn kan tí n kò ní fún ní nǹkan kan. Àwọn tí n kò ní fún ní nǹkan kan yìí ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Àwọn la ó fi mọ bí ìyà ilá ti tó bí kò bá sí olùrànlọ́wọ́. A ó bomi rin wọ́n, a ó ro wọ́n, ṣùgbọ́n bí kòkòrò bá ń jẹ wọ́n, ká máa wò wọ́n. Ó tún ní kí n gbin ilá yí gbogbo rẹ̀ ká, èyí tí à ń pè ní ebè etí. A kì í wọn ti ebè etí, a kì í kà á mọ́ nǹkan kan. Ó kàn dúró síta kí atẹ́gùn àti ẹsẹ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ bá a. Bó ti sọ ìyẹn tán ló wo bàtà rẹ̀, ó ní òun ní ìpàdé.

Màmá tó ni ebè ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ń wò wá látòkèèrè. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, ọkọ wọn ti kú, wọ́n sì ń fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewúro gbọ́ bùkátà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́ pé àrùn ni mò ń kọ́ ni wọ́n ti ń pè mí ní Dókítà, bí èèyàn ṣe ń pe ọmọ ọdún mẹ́ta ní Bàbá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí fín ilá, wọ́n dúró tì mí.

"Dókítà, o fín ti ibí, o fín ti ọ̀hún. Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

"Wọn ò gbọ́dọ̀ rí oògùn ni, Mà."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan, Mà. Àwọn la máa fi wé àwọn tó kù."

Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n yí ewé kan wò lẹ́yìn bí ẹni ń yẹ ahọ́n aláìsàn wò. "Gbogbo ọdún tí mo lò ní wọ́ọ̀dù, mi ò rí i kí wọ́n gbé aláìsàn sórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n wá ní ká máa wò ó níran ká lè mọ bí ikú ṣe rí."

"Ilá ni, Mà."

"Mo mọ̀ pé ilá ni. Ojú mi ò fọ́, jàre."

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí wọ́n má da eérú sí i, kí wọ́n má fi omi ọṣẹ wọ́n ọn, kí wọ́n má ṣàánú rẹ̀ rárá.

"Àdúrà ńkọ́?"

"Ẹ lè gbàdúrà, Mà. Ṣùgbọ́n ẹ gbà á fún gbogbo wọn lọ́gbọọgba."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣèlérí. Wọ́n sì mú ìlérí náà ṣẹ. N kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé wọn kò mú un ṣẹ. Oògùn kankan kò ti ọwọ́ wọn kan ilá yẹn títí tí gbogbo rẹ̀ fi parí.

Lábẹ́ wáyà yẹn, àṣà ni pé ẹni tí kò bá ráàyè wá, aládùúgbò rẹ̀ ló máa bá a bomi rin nǹkan rẹ̀. Iṣẹ́ Ègbédá kì í jẹ́ kí n wá lójoojúmọ́, nítorí náà mo mú ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta fún ilá kíká. Màmá ń bá mi fa omi nínú kànga ní àwọn ọjọ́ tó kù. Wọn kì í jẹ́ kí n dúpẹ́. "Bó o bá di ọ̀jọ̀gbọ́n, kó o má ṣá ti máa wọ bàtà funfun wá sóko."

Ilá bẹ̀rẹ̀ sí so. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá á rí i pé omi dóńgóyárò ń ṣiṣẹ́: ewé àwọn tí mo fín dúdú, ó fẹ̀, ó ń dán. Àwọn tí n kò fín pọ́n ráúráú, ihò wà lára wọn bí asẹ́. Mo ká gbogbo wọn, mo gbé wọn sórí síkéèlì, ebè kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn aláìsàn ló tẹ̀wọ̀n jù.

Mo tún un wọ̀n. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Mo rò pé síkéèlì ti bàjẹ́, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ran kan ní ọjà Ìkòtún kó bá mi dán an wò. Ó gbé ẹran lé tèmi, ó gbé e lé tirẹ̀, ó ní tèmi ṣòótọ́ ju tòun lọ, èyí tí n kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí ìyìn. Kò sí ohun tí n kò rò. Mo rò pé mo ti ṣi àmì orí igi ebè kà. Mo rò pé dóńgóyárò tí mo gún le jù, ó ti pa òdòdó ilá. Mo dín in kù. Àwọn aláìsàn ṣì ń ṣáájú, wọ́n ń so bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan kan dù.

Mo pe Ọ̀jọ̀gbọ́n lórí fóònù, mo ka àwọn nọ́ńbà náà fún un.

"Ṣé o mọ ohun tó ò ń sọ fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Pé iṣẹ́ náà ti bàjẹ́."

"Bàjẹ́ kẹ̀? O ti rí nǹkan, ìwọ ọmọ yìí. O ti rí nǹkan, o ò sì mọ̀."

Ó ṣàlàyé fún mi pé irúgbìn tí ìyà bá ń jẹ máa ń gbọ́n. Ó mọ̀ pé ikú ń bọ̀, nítorí náà ó ń fi gbogbo agbára tó kù so. Ó ní a ti ń kẹ́ ilá jù lórílẹ̀-èdè yìí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti kọ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí àpérò àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkẹjà, orúkọ rẹ̀ ló ṣáájú, tèmi tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni gbé báàgì dání. Ó fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ó ní ta ló máa yọ orúkọ ẹni tó mú irú èyí wá? Ẹ̀rín ni wọ́n máa fi fún mi lóyè.

Ó wù mí kí n sọ pé n kò gbà á gbọ́. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹni tó ti rẹ̀ kì í bá ohun tó gbè é jiyàn. Lálẹ́, mo máa ń wo àwọn nọ́ńbà náà, kí n sì máa wá Gẹ̀ẹ́sì tó bá ọgbọ́n ilá mu.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ wa ní kí gbogbo wa tètè máa lọ ilé. Àwọn kan ń bọ̀ wá fún un ní àmì ẹ̀yẹ olùdásílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó dára jù ní Alímọ̀ṣọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ti sanwó àmì ẹ̀yẹ náà, kò sì fẹ́ kí ariwo àwọn ọmọ ba fọ́tò jẹ́. Mo ní kí n kúkú gba oko lọ bomi rin ilá, kí Màmá lè sinmi lọ́jọ́ kan.

Láti etí ọ̀nà ni mo ti rí i. Lórí gbogbo ebè aláìsàn, igi kan wà lóòró tí n kò fi síbẹ̀. Ìkarahun ìgbín wà lára ọ̀kan, ó ń yí nínú atẹ́gùn. Àtẹ́lẹ̀ bàtà ọkùnrin wà lára òmíràn, ṣúkù àgbàdo àti àkísà pupa wà lára àwọn yòókù. Dópẹ̀mú ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nínú yàrá tí a háyà, àgádágodo la sì fi ń ṣọ́ nǹkan. Síbẹ̀, kò sí ọmọ Yorùbá tó máa rí ìyẹn tí kò ní mọ̀ pé ààlè ni: ẹni tó bá fọwọ́ kan ohun tí ààlè wà lórí rẹ̀ láìgbàṣẹ, ohun tó bá rí kó fara mọ́ ọn.

Lórí àwọn ebè tí mo fín, kò sí nǹkan kan. Obìnrin kan tó gbé báàgì iṣẹ́ kọ́ èjìká ló dúró níbẹ̀, ó ń ká ilá sínú nílọ́ọ̀nù, ó ń yan èyí tó rọ̀. Kò wẹ̀yìn wò. Nígbà tó gbójú sókè tó rí mi, ó kí mi bí aládùúgbò rere.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ ni ín? Màmá ní ká máa mú lára àwọn tó yè, pé ó pọ̀ níbẹ̀."

"Àwọn ti ọ̀hún ńkọ́?"

Ó wo ìkarahun ìgbín tó ń yí. "Èmi? Mo lọ́mọ nílé o." Ó di nílọ́ọ̀nù rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ láti wọ kẹ̀kẹ́.

Mo jókòó lórí garawa tí mo dojú rẹ̀ dé. Kò pẹ́ tí Màmá fi dé. Bí wọ́n ti rí mi, ojú wọn kọ́kọ́ lọ sí àwọn igi náà, kó tó wá bọ̀ sọ́dọ̀ mi.

"Dókítà, òní kọ́ lọjọ́ rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Kí ló dé tó o wá?"

"Wọ́n ń fún ọ̀gá wa ní àmì ẹ̀yẹ ni."

Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Wọn kò sá fún ọ̀rọ̀ náà. "Ìwọ lo ní kí n má fún wọn lóògùn. Ṣé mo fún wọn?"

"Rárá, Mà."

"Wọ́n ń ṣàìsàn, o ò jẹ́ kí wọ́n tọ́jú wọn. Mo gbà, ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba tí wọ́n wá fi gbogbo ìyà yẹn so, kí àwọn èèyàn tún wá ká a lọ? Àwa náà ṣá léèyàn."

"Ẹ wá ní kí wọ́n máa ká ti àwọn tó yè."

"Ọwọ́ ẹni tó ní la ti ń tọrọ, àbí ọwọ́ aláìsàn? Wọ́n máa ń bẹ̀ mí fún ilá ọbẹ̀. Ṣé kí n ní kò sí ni, nígbà tí wọ́n ń rí i?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, Mà. Ààlè?"

"Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, jàre. Ìgbín tá a jẹ lọ́jọ́ Àjíǹde ló ni ìkarahun yẹn. Bàtà ọkọ mi nìyẹn, Ọlọ́run ló mọ̀ pé olóògbé ò pa kòkòrò rí. Ẹni tó bá fẹ́ jalè ló mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yọ àwọn igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kó wọn sínú àpò kan. "Mo máa ń kó wọn kúrò kó o tó dé. Mo ní bó bá ṣe pé Ọ̀jọ̀gbọ́n bá ẹ wá lójijì, tí wọ́n wá bá ààlè lórí ilá yunifásítì, ìtìjú á bá ẹ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ẹ́ ṣẹlẹ́yà."

N kò rí ẹni tí mo lè bínú sí. Ìyẹn ló rẹ̀ mí jù. Èèyàn a máa fẹ́ kí ọ̀tá wà níbì kan, pàápàá bí ó bá ti fín oògùn fún un. Gbogbo àwọn tó ba iṣẹ́ mi jẹ́ ṣàánú aláìsàn, wọ́n fún ẹni tó tọrọ, wọ́n sì kí mi bí wọ́n ti ń kọjá. Láti ìgbà tí ilá ti ń so, n kò tíì wọn agbára dóńgóyárò rí. Ìwà ọmọlúàbí Ìgándò ni mò ń gbé sórí síkéèlì.

Àbájáde tó máa fún mi lóyè ṣì wà lọ́wọ́ mi, kò sì sí ẹni ní yunifásítì tó máa wá ka ìkarahun ìgbín lábẹ́ wáyà iná. Mo gbé e yẹ̀ wò dáadáa, n kò ní parọ́. Ohun tó dà á rú fún mi kì í ṣe ìwà mímọ́. Mo kàn rò ó pé ẹnì kan lè gbà á gbọ́. Àgbẹ̀ kan á gbọ́ lórí rédíò pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti rí i pé ilá tí a fi sílẹ̀ fún kòkòrò ló ń so jù, á sì fi tirẹ̀ sílẹ̀. Òun kò ní ní Màmá tó máa pààlè sí i.

Mo lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọ́fíìsì. Ó ń yan táì tó máa so lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, àtorí ìgbín dórí bàtà olóògbé. Ó fi táì náà lélẹ̀.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi, sà. Màmá. Àti gbogbo àwọn tó ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìdímù."

"Àwọn yẹn ò ka jọ́náà àwọn onímọ̀." Ó ronú. "Ṣé o ò lè ní gbogbo ebè ni wọ́n ń ká lọ́gbọọgba?"

"Wọn ò ká a lọ́gbọọgba, sà. Ohun tí mò ń bá yín sọ nìyẹn."

"Wọ́n ti tẹ orúkọ mi sínú ìwé àpérò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àti tìẹ náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó wò mí bí mo ti ń wo ilá tí n kò lè ṣe nǹkan kan sí. Ó ní kí n máa lọ ná. Mo jáde, mo sì ti sin oyè náà lọ́kàn mi kí n tó dé géètì.

Ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n kì í di ọ̀jọ̀gbọ́n lásán. Nígbà tó dé òtẹ́ẹ̀lì náà, ó sọ fún wọn pé òun ti yí àkòrí òun padà. Ọ̀rọ̀ bí àwọn ará àdúgbò ṣe lè fi àṣà ìbílẹ̀ dáàbò bo irúgbìn ló wá sọ. Ó ṣàpèjúwe ìkarahun ìgbín bí ẹni tó so ó fúnra rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un gidigidi. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bá mi rọ ọ́fíìsì tó fẹ́ yọ orúkọ mi, wọ́n sì gbà kí n gbìn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀rùn kan péré, wọ́n ní kò sí òmíràn mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí ilá tuntun fẹ́ máa so, Màmá bi mí ohun tí a máa ṣe. Bí a bá yọ ààlè, àwọn èèyàn á máa ká èyí tó bá wù wọ́n. Bí ó bá wà lórí àwọn kan ṣoṣo, a ti mọ ìyẹn. Mo ní kí a fi sórí gbogbo wọn. Wọ́n wò mí bóyá mò ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mo lọ sọ́dọ̀ aránbàtà kan ní Dópẹ̀mú, ó fi àtẹ́lẹ̀ bàtà kún àpò mi, kò tilẹ̀ bi mí léèrè. Màmá ní kí àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì máa tọ́jú ìkarahun ìgbín fún iṣẹ́ yunifásítì. Nínú ìwé mi, mo kọ ọ́ pé a fi ohun tí èèyàn ń rí tí í sá fún sórí gbogbo ebè, ìwọ̀n kan náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì yẹn rọrùn jù, ó fi èyí tó gba ìlà méjì rọ́pò rẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́. Ìbẹ̀rù ni ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí mo rí tí kì í fẹ́ àlàyé. Láti ọjọ́ kìíní, ilá kankan kò sọnù. Ebè dóńgóyárò ń tẹ̀wọ̀n, àwọn aláìsàn ń fúyẹ́, bí gbogbo ayé ti mọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọjá kò kí wa mọ́. Wọ́n á fa ọmọ wọn mọ́ra, wọ́n á yára. Obìnrin tó máa ń gbé báàgì iṣẹ́ kọ́ èjìká gba òdìkejì ọ̀nà lọ, ó ń wo fóònù rẹ̀.

Màmá ń fa tẹ̀tẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan. Nígbà tó yá, wọ́n nà tán, wọ́n di ẹ̀yìn mú.

"Ìwé rẹ yìí ti kọ́ wa láhun, Dókítà."

Mo wọn ilá mi dé ebè tó gbẹ̀yìn. Ìgbà tí mo fẹ́ máa kó síkéèlì ni ojú mi lọ sára ebè etí, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí n gbìn yí gbogbo rẹ̀ ká. Ó ti so, ó sì ti ń gbó dànù. A ti so ìkarahun mọ́ òun náà.

"Màmá, ẹ yọ ti ibí yìí kúrò."

"Kí ló dé?"

"A kì í wọn ìyẹn, Mà. A kì í kà á mọ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ ilá, kó ká a níbẹ̀."

Wọ́n wo ebè náà láti ìkangun dé ìkangun. "Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Títí kan ọdún tó kọjá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ohunkóhun tí wọn ìbá sọ, mo ti sọ ọ́ fún ara mi. Wọ́n kàn tẹ̀ ba, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tú okùn ìkarahun náà.

Wọ́n fún mi lóyè ọ̀hún. Mo ti kúrò ní Ègbédá. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo wà báyìí tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, taya oko tiwọn jẹ́ mẹ́fà. Nígbà tí mo lọ sọ fún Màmá pé ó ti parí, etí ebè ni mo bá wọn, wọ́n ń bá obìnrin oníbáàgì yẹn yan ilá tó rọ̀.

"Ṣé o ti wá di dókítà báyìí?"

"Rárá, Mà. Oyè mìíràn ló kù kí wọ́n tó lè pè mí bẹ́ẹ̀."

"Ó máa tó ọdún mélòó?"

Mo ní n kò mọ̀. Wọ́n ní bí n kò bá mọ̀, kí n gbé kẹ́ẹ̀gì, omi kò tíì kan ìdajì oko.